Kóòdù mi ní 2147483647 kì í ṣe nọ́mbà àkọ́kọ́. Níbo ni mo ti ṣì í?

Akẹ́kọ̀ọ́_Òǹkà, 8:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Mo fẹ́ fi ìdánwò Lucas àti Lehmer (ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ bóyá 2 ní agbára kan, tí a yọ ọ̀kan kúrò, jẹ́ nọ́mbà àkọ́kọ́) wo 2147483647, ìyẹn 2 ní agbára 31, kí a yọ ọ̀kan kúrò. Gbogbo ìwé ló sọ pé nọ́mbà àkọ́kọ́ ni, pé kò sí ohun tó pín in dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. JavaScript ni mo fi kọ ọ́, inú buráúsà ni mo ti ń lò ó:

let M = 2147483647, s = 4;
for (let i = 0; i < 29; i++) s = (s*s - 2) % M;
console.log(s);

Ó yẹ kí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 0, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Mo lo kóòdù yìí kan náà fún 127 (lúùpù 5) àti 8191 (lúùpù 11), méjèèjì mú 0 jáde. Nígbà tí mo tẹ ìgbésẹ̀ ti 31 síta, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: 4, 14, 194, 37634, 1416317954, 669670836... Ṣé iye lúùpù ni kò tọ́, àbí àmì % tó ń mú àṣẹ́kù wá yẹn? Tí ọ̀nà mìíràn bá wà tó dájú, ẹ fi hàn mí.

Ìyá_Bíìtì, 8:31 àárọ̀

Káàárọ̀ o. Lúùpù 29 tọ́. Iye ìgbésẹ̀ ìdánwò yẹn ni agbára tí a yọ méjì kúrò lára rẹ̀, 31 − 2 = 29. Àmì % náà kò ṣẹ̀. Nọ́mbà tó gbẹ̀yìn nínú èyí tí o tẹ̀ síbí ni olè wà: 669670838 ló yẹ kó jẹ́, 669670836 lo rí. Méjì ti jábọ́ lójú ọ̀nà.

Wo ibi tó ti jábọ́. 1416317954 × 1416317954 = 2005956546822746116. Díjíìtì 19 nìyẹn. Nọ́mbà lásán nínú JavaScript kò ní ju bíìtì 53 lọ láti fi tọ́jú díjíìtì, nítorí náà ibi tó ti lè ka nọ́mbà lọ́kọ̀ọ̀kan láìfo èyíkéyìí parí sí 9007199254740992. Tó bá ti ga dé ibi tí tìrẹ dé yìí, kò lè di nǹkan kan mú mọ́ àfi ìlọ́po 256. Ìlọ́po 256 tó sún mọ́ èsì rẹ jù lọ ni 2005956546822746112. 4 ti lọ. O wá ní kó yọ 2: èyí tó parí sí 110 kì í ṣe ìlọ́po 256, ló bá tún padà sórí 112. Èyí tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ parí sí 114. Ìyàtọ̀ 2 yẹn ló bá ọ wọnú àṣẹ́kù. Láti ibẹ̀ lọ, ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlélógún tó kù kò ní ìtumọ̀ kankan mọ́.

127 àti 8191 bọ́ nítorí pé s × s tó tóbi jù lọ níbẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 68. 131071 àti 524287 náà á bọ́. 31 ni agbára àkọ́kọ́ tí yóò já ọ kulẹ̀, kò sì ní sọ fún ọ pé òun já ọ kulẹ̀. Ohun tó burú nínú rẹ̀ nìyẹn: kò sí àmì àṣìṣe kankan.

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí:

let M = 2147483647n, s = 4n;
for (let i = 0; i < 29; i++) s = (s*s - 2n) % M;

Lẹ́tà n, àmì BigInt (irú nọ́mbà JavaScript tí kì í sọ díjíìtì nù), gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn nọ́mbà kọ̀ọ̀kan tó bá wọnú ìṣirò M àti s. Tí o bá fi 2 lásán sí ibi tí 2n yẹ kó wà, yóò gbé TypeError jáde. Fi 0n wé e ní ìparí, má fi 0 wé e pẹ̀lú ===. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, 65536 ni wàá rí ní ìgbésẹ̀ kejìdínlọ́gbọ̀n, 0 ni wàá rí ní ìkọkàndínlọ́gbọ̀n.

Ọ̀gbẹ́ni_Kíákíá, 8:40 àárọ̀

Èéṣe tí ẹ fi ń rìn jìnnà tó báyìí? Fermat ti là á sílẹ̀ tipẹ́: bí n bá jẹ́ nọ́mbà àkọ́kọ́, 2 ní agbára n − 1 yóò ṣẹ́ku 1 tí a bá fi n pín in. Ẹ ṣí Python, ẹ tẹ pow(2, 2147483646, 2147483647). 1 ló mú jáde. Ìlà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Bàbá_Òǹkà, 9:05 àárọ̀

Kò tíì bùṣe, àbúrò. Ìdánwò yẹn wúlò fún ọ̀pọ̀ nọ́mbà, àmọ́ fún irú nọ́mbà tí a ń sọ yìí, 2 gan-an ni kò yẹ kí a fi dán an wò. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nítorí pé òun ni gbogbo ìwà nọ́mbà yìí rọ̀ mọ́.

Ẹ wò ó bí a ṣe ń ka mọ́kàndínlógún. A ti dé ogún ná, a wá dín ọ̀kan. Bí 2147483647 ṣe rí nìyẹn: a ti dé 2 ní agbára 31, a dín ọ̀kan. Ẹ pè é ní M. Nítorí náà, ibikíbi tí 2 ní agbára 31 bá ti yọjú, M kan àti ọ̀kan ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá gbé M kúrò, 1 ló ṣẹ́kù. Tí ẹ bá ń sọ 2 di púpọ̀ léraléra lórí M (ìyẹn ni pé àṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá fi M pín in nìkan lẹ ń mú), 2, 4, 8, 16, yóò padà sí 1 lẹ́yìn ìgbà 31 péré. M − 1 sì jẹ́ ìlọ́po 31. Nítorí náà, 2 ní agbára M − 1 kò lè má ṣẹ́ku 1. Kò béèrè bóyá M jẹ́ nọ́mbà àkọ́kọ́ tàbí kò jẹ́.

Bí agbára náà bá sáà ti jẹ́ nọ́mbà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí. Ẹ dán 2 ní agbára 11 wò, kí ẹ yọ ọ̀kan: 2047. Ẹ tẹ pow(2, 2046, 2047), 1 ni. Bẹ́ẹ̀ 2047 jẹ́ 23 × 89. Ẹ wá fi 3 rọ́pò 2: pow(3, 2046, 2047) mú 1013 jáde, àṣírí tú.

Ẹ máa fi 3 dán an wò, ẹ má fi 2 dán an wò. Ohun tí àwọn GIMPS tó ń wá irú nọ́mbà yìí káàkiri ayé náà ń ṣe nìyẹn: 3 ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá bọ́, wọ́n á wá fi Lucas àti Lehmer fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Torí pé 1 tí 3 mú jáde náà kì í ṣe ẹ̀rí pátápátá, ìfura tó lágbára ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí pátápátá láìlo Lucas àti Lehmer, kó tú M − 1 palẹ̀: 2147483646 = 2 × 3 × 3 × 7 × 11 × 31 × 151 × 331. Kó wá fi 7 ṣe é. 7 ní agbára M − 1 gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku 1. Lẹ́yìn náà, kó fi 2, 3, 7, 11, 31, 151 àti 331 pín M − 1 lọ́kọ̀ọ̀kan, kó gbé 7 sí agbára tó bá jáde. Kò gbọdọ̀ sí èyí tó ṣẹ́ku 1 nínú méjèèje. Tí ìyẹn bá ti rí bẹ́ẹ̀, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Pẹ́ńsù_àti_Ìwé, 9:48 àárọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí pé wọ́n ti mọ̀ pé nọ́mbà àkọ́kọ́ ni kí kọ̀ǹpútà tó dáyé, nítorí náà ọ̀nà ọwọ́ wà. Gbòǹgbò M, ìyẹn nọ́mbà tó jẹ́ pé tó bá sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ a ó rí M, kò pé 46341. Bí ohun kan bá pín M, ọ̀kan nínú àwọn tó pín in kò ní ju 46340 lọ. Nọ́mbà àkọ́kọ́ tó wà láti 2 dé 46340 jẹ́ 4792. Pínpín ìgbà 4792 nìyẹn, ìyà ni.

Leonhard Euler gé e kúrú ní 1772. Bí nọ́mbà àkọ́kọ́ kan, ká pè é ní q, bá pín M, 2 ní agbára 31 yóò ṣẹ́ku 1 lórí q. Èyí já sí pé 31 gbọ́dọ̀ pín q − 1. q kò ṣeé pín sí méjì, nítorí náà q − 1 ṣeé pín sí méjì. 62 gbọ́dọ̀ pín q − 1. Ìdènà kejì tún wà: tí ẹ bá fi 8 pín q, 1 tàbí 7 nìkan ló lè ṣẹ́kù. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, q gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 248 tí a fi 1 kún, tàbí ìlọ́po 248 tí a fi 63 kún. Àwọn nọ́mbà àkọ́kọ́ tó wà nírú ipò yẹn tí kò ju 46340 lọ jẹ́ 372. Ìgbà 372 ni Euler pín in, kò sí èyí tó wọlé.

Aṣọ́bodè, 10:02 àárọ̀

Àtúnṣe kékeré sí ti Pẹ́ńsù_àti_Ìwé. 372 yẹn kì í ṣe iye nọ́mbà àkọ́kọ́. Iye àyè tó wà ni. Ẹ kà á: 248k + 1, tí k bá lọ láti 1 dé 186, ó jẹ́ 186. 248k + 63, tí k bá lọ láti 0 dé 186, ó jẹ́ 187. Àpapọ̀ 373. Ẹ yọ 63 fúnra rẹ̀ (7 × 9 ni), ó ku 372. Ọ̀pọ̀ nínú 372 náà ṣì ṣeé jù nù láìpín M rárá: 249 jẹ́ 3 × 83, 497 jẹ́ 7 × 71, 559 jẹ́ 13 × 43, 745 parí sí 5, 1241 jẹ́ 17 × 73. Ìdí tí a fi lè jù wọ́n nù ni pé àwọn nọ́mbà kéékèèké tó pín wọn kò sí ní ipò tó yẹ, wọn kò sì lè pín M. Nítorí náà, iṣẹ́ náà kò tó ìgbà 372.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹ máa pín nìyí, pẹ̀lú àṣẹ́kù wọn kí ẹ lè fi yẹ iṣẹ́ yín wò: 311 ṣẹ́ku 35. 1303 ṣẹ́ku 226. 1489 ṣẹ́ku 199.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òǹkà, 10:20 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá_Bíìtì, n ti ṣiṣẹ́, mo rí 65536 mo sì rí 0. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ 65536 ló ṣáájú 0? Kí sì ni ìdí ìdènà kejì tí Pẹ́ńsù_àti_Ìwé sọ, pé 1 tàbí 7 nìkan ló lè ṣẹ́kù lórí 8?

Bàbá_Òǹkà, 10:51 àárọ̀

Ìbéèrè méjèèjì, ilé kan náà ni wọ́n ti wá.

65536 ni 2 ní agbára 16. Tó bá sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, 2 ní agbára 32 ni. Ìyẹn ni 2 ní agbára 31, tó ń ṣẹ́ku 1, ní ìlọ́po 2. Nítorí náà ó ṣẹ́ku 2. Ìdánwò náà ní kí a yọ 2: 0. Lọ́rọ̀ kan, lórí M, 65536 jẹ́ gbòǹgbò 2.

Bí nọ́mbà q kan bá wà tó pín M, 65536 á jẹ́ gbòǹgbò 2 lórí q náà. 2 kì í sì í ní gbòǹgbò lórí nọ́mbà àkọ́kọ́ tó bá ṣẹ́ku 3 tàbí 5 lórí 8. Ẹ fi 5 wò ó: 1, 4, 4, 1 ni èsì tí 1, 2, 3, 4 ń mú jáde tí wọ́n bá sọ ara wọn di púpọ̀, kò sí 2 níbẹ̀. Ẹ fi 7 wò ó: 3 × 3 = 9, ó ṣẹ́ku 2. Ìdènà Euler nìyẹn.

Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń kọ kóòdù kì í lò tó. M ṣẹ́ku 3 lórí 4, nítorí náà wíwá gbòǹgbò lórí rẹ̀ rọrùn: ẹ mú nọ́mbà tó ní gbòǹgbò, kí ẹ gbé e sí agbára (M + 1) ÷ 4. Agbára yẹn jẹ́ 2 ní agbára 29. Ìyẹn ni pé kí ẹ jẹ́ kí nọ́mbà náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ní ìgbà 29 léraléra, kò sí ohun mìíràn. Ẹ ṣe é fún 2, ẹ ó rí 65536. Ẹ máa sọ èsì di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò ní ìparí, torí ìdajì àwọn nọ́mbà tó wà láti 1 dé M − 1 kò ní gbòǹgbò, kóòdù yín á sì mú irọ́ jáde fún wọn.

Alágbẹ̀dẹ_C, 11:15 àárọ̀

Fún ẹni tó ń lo C: ẹ má fi int kọ ọ́. int oní-bíìtì 32 parí sí 2147483647 gan-an, òun ni nọ́mbà tó tóbi jù lọ tí int lè gbé, nítorí náà s × s á kún àkúnwọ́sílẹ̀. uint64_t (nọ́mbà oní-bíìtì 64) ni kí ẹ lò. Ẹ tún fi % sílẹ̀, pínpín máa ń jẹ àkókò. Bí Bàbá ti sọ pé 2 ní agbára 31 ń ṣẹ́ku 1, ẹ gé s × s sí méjì, bíìtì 31 tó wà nísàlẹ̀ àti èyí tó wà lókè, kí ẹ ro méjèèjì pọ̀:

x = (x & M) + (x >> 31);

Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó. Ẹ yọ 2, ẹ máa lọ.

Ìyá_Bíìtì, 11:33 àárọ̀

Ọ̀nà náà dára, òun ni èmi náà fẹ́ràn, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹ jẹ́ ká fi ìgbésẹ̀ karùn-ún yẹn kan náà wò ó. 2005956546822746116: apá òkè jẹ́ 934096307, apá ìsàlẹ̀ jẹ́ 1883058180. Àròpọ̀ wọn 2817154487. Ó ju M lọ. Ẹ gé e lẹ́ẹ̀kejì: òkè 1, ìsàlẹ̀ 669670839, àròpọ̀ 669670840. Ẹ yọ 2, 669670838. Ìyẹn ló tọ́.

Bí ẹ bá dúró sí ẹ̀ẹ̀kan, s á máa wú. Ó pẹ́ tán, ní ìgbésẹ̀ kẹjọ s × s á ti ju bíìtì 64 lọ, ẹ ó sì padà síbi tí Akẹ́kọ̀ọ́_Òǹkà ti bẹ̀rẹ̀, láìsí àmì àṣìṣe.

Ohun méjì tún kù. Lẹ́yìn gígé kejì, x lè jẹ́ M gẹ́lẹ́; M àti 0 ọ̀kan náà ni wọ́n níbí, nítorí náà: if (x == M) x = 0. Èkejì, bí x bá jẹ́ 0 tàbí 1, x − 2 á di nọ́mbà ńláńlá nítorí pé uint64_t kò mọ nọ́mbà òdì. Ẹ kọ ọ́ báyìí: s = (x >= 2) ? x - 2 : x + M - 2.

Alágbẹ̀dẹ_C, 11:38 àárọ̀

Òótọ́ ni, àǹtí. Mo gbà. Gígé méjì.

Ọlọ́pọ́n_Ayò, 12:10 ọ̀sán

Kò tíì sí ẹni tó sọ ibi tí nọ́mbà yìí ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́: pípèsè nọ́mbà àìròtẹ́lẹ̀. Bàbá sọ pé 2 ń padà sí 1 lẹ́yìn ìgbà 31. 7 kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ń sọ 7 di púpọ̀ léraléra lórí M, ó máa ń kan gbogbo nọ́mbà láti 1 dé 2147483646 ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó tó padà sí 1. 7 kéré jù láti fi da nǹkan rú, nítorí náà 16807 ni wọ́n ń lò, ìyẹn 7 ní agbára 5. Ní 1988, Stephen Park àti Keith Miller dá a lábàá pé kó jẹ́ ìwọ̀n tó kéré jù tí ètò àìròtẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ dé. Nínú C++ ó ń jẹ́ minstd_rand0.

Ìlànà rẹ̀: x tuntun = 16807 × x, àṣẹ́kù lórí M. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1: 16807, 282475249, 1622650073. Lẹ́yìn ìgbà 10000, 1043618065 lẹ gbọ́dọ̀ rí. Tí kì í bá ṣe òun, ẹ ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ níbì kan.

Bí ẹ̀rọ yín kò bá ní ju bíìtì 32 lọ (àwọn ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi dárí iná àti fáànù ṣì wà bẹ́ẹ̀), ọ̀nà Schrage wà. Ẹ fi 127773 pín x. Ẹ sọ àṣẹ́kù di púpọ̀ pẹ̀lú 16807, ẹ sọ iye ìgbà tó wọ̀ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2836, ẹ fi ti ìkejì yọ nínú ti àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ òdì, ẹ fi M kún un. Ó ṣiṣẹ́ nítorí pé 16807 × 127773 + 2836 = M gẹ́lẹ́, kò sì sí ibi tí yóò ti ju M lọ lójú ọ̀nà.

Ọ̀gbẹ́ni_Kíákíá, 12:22 ọ̀sán

Ó dáa, mo ti gba ti àárọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí M jẹ́ nọ́mbà àkọ́kọ́, ṣé kì í ṣe nọ́mbà èyíkéyìí la lè fi rọ́pò 16807?

Ọlọ́pọ́n_Ayò, 12:40 ọ̀sán

Rárá o. Ẹ fi 2 síbẹ̀, ẹ ó rí nọ́mbà 31 péré kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ sọ. Ẹ fi 49 síbẹ̀, ìyẹn 7 ní agbára 2, ìdajì ọ̀nà ló máa rìn, 1073741823. Ẹ fi 343 síbẹ̀, ìyẹn 7 ní agbára 3, ìdá mẹ́ta ló máa rìn, 715827882. Ìdí rẹ̀ ni pé 2 àti 3 wà lára àwọn tó pín M − 1. 5 kò sí lára wọn, òun ló jẹ́ kí agbára 5 dára. Àwọn tó rìn yí ká tán jẹ́ 534600000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. 48271 wà lára wọn, wọ́n sì ń lò ó fún minstd_rand tó dé lẹ́yìn.

Ẹ má fi 0 bẹ̀rẹ̀. 0 á máa jẹ́ 0 títí ayé. Tí ẹ bá ń mú ìbẹ̀rẹ̀ láti ara aago kọ̀ǹpútà, ẹ rí i dájú pé àṣẹ́kù rẹ̀ lórí M kì í ṣe 0 kí ẹ tó lò ó.

Ẹ má sì fi í ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí ohunkóhun tó kan owó. Ẹni tó bá rí nọ́mbà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ti mọ gbogbo èyí tó ń bọ̀.

Omi_Tútù, 1:15 ọ̀sán

Ẹ kúuṣẹ́ o. Ṣé mo lè lo M yìí láti fi sọ orúkọ àwọn ọjà di nọ́mbà nínú àkójọ wa, kí orúkọ méjì má bàa bọ́ sórí nọ́mbà kan náà? Ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún orúkọ.

Aṣọ́bodè, 1:27 ọ̀sán

Ó kéré fún ìyẹn. Tí orúkọ bá ti tó nǹkan bí 54,500, ìdajì ló kù kí méjì má tíì forí gbárí. Ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, ẹ máa kà á sí pé wọ́n ti forí gbárí. Ẹ lo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 2 ní agbára 61 dín ọ̀kan: 2305843009213693951. Nọ́mbà àkọ́kọ́ ni òun náà, gígé méjì tí Ìyá_Bíìtì ṣàlàyé sì bá a lọ, àmọ́ >> 61 ni, s × s á sì nílò bíìtì 128.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òǹkà, 2:03 ọ̀sán

Mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. 3 jẹ́ nọ́mbà àkọ́kọ́, 2 ní agbára 3 dín ọ̀kan jẹ́ 7. 7 mú 127 wá. 5 mú 31 wá, 31 mú M wá. Ṣé 2 ní agbára 2147483647 dín ọ̀kan náà á jẹ́ nọ́mbà àkọ́kọ́ nìyẹn?

Pẹ́ńsù_àti_Ìwé, 2:19 ọ̀sán

Bí ìlà náà ṣe ń lọ, ó yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. 127 náà mú 2 ní agbára 127 dín ọ̀kan wá, Édouard Lucas sì fi hàn ní 1876 pé nọ́mbà àkọ́kọ́ ni.

Bàbá_Òǹkà, 2:44 ọ̀sán

Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Díjíìtì nọ́mbà yẹn jẹ́ 646,456,993, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti fi Lucas àti Lehmer yẹ̀ ẹ́ wò, torí a ti mọ ohun tó pín in: 295257526626031. Ẹ fi ìdènà Euler wò ó fúnra yín. Ẹ yọ 1, ẹ fi 2147483647 pín in: 137490 gẹ́lẹ́, ó sì ṣeé pín sí méjì. Ẹ fi 8 pín 295257526626031: ó ṣẹ́ku 7. Ipò rẹ̀ tọ́. Ẹ wá tẹ pow(2, 2147483647, 295257526626031) nínú Python. 1 ló ń mú jáde, ìyẹn sì ni pé ó pín in dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ fi C ṣe é, kó rántí pé nọ́mbà yẹn jẹ́ bíìtì 49, s × s á ju 64 lọ. __int128 ni kó lò.

Ìlà náà ti já ṣáájú ìgbà yẹn pàápàá. 13 mú 8191 wá, àmọ́ 2 ní agbára 8191 dín ọ̀kan ṣeé pín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 131071 àti 524287. Ìdánilójú kan ṣoṣo tó wà ni pé bí agbára bá ṣeé pín, nọ́mbà náà á ṣeé pín. Òdìkejì rẹ̀ kò dájú, 2047 ti fi hàn wá láàárọ̀. Mersenne fúnra rẹ̀, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe irú nọ́mbà yìí, ṣì í ní 1644: ó ka 67 àti 257 mọ́ àwọn tó dára, wọn kò dára, ó sì fo 61, 89 àti 107 tó dára. Àmọ́ kò ṣi 31.

Omi_Tútù, 3:01 ọ̀sán

Ṣé òun ló tóbi jù nínú gbogbo nọ́mbà àkọ́kọ́ tí a mọ̀?

Aṣọ́bodè, 3:08 ọ̀sán

Ó ti pẹ́ tó ti kúrò ní ipò yẹn. Láti 1772 títí di 1867 ló fi jẹ́ èyí tó tóbi jù tí a mọ̀. Ní 1811, Peter Barlow kọ ọ́ pé nọ́mbà pípé (nọ́mbà tó bá àròpọ̀ gbogbo àwọn tó kéré sí i tó pín in dọ́gba mu) tó wá láti ara M, 2305843008139952128 (2 ní agbára 30, ní ìlọ́po M), ni yóò tóbi jù tí ẹnikẹ́ni máa rí láé, torí kò rò pé ẹnikẹ́ni á wá èyí tó ju ú lọ. Ní October 2024, Luke Durant rí 2 ní agbára 136279841 dín ọ̀kan, tí díjíìtì rẹ̀ jẹ́ 41,024,320. Nínú gbogbo nọ́mbà àkọ́kọ́ tí a bá tò láti 2 lọ, M wa yìí ló wà ní ipò 105097565.

Ohun kan fún àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ àtijọ́: aago Unix oní-bíìtì 32 ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970, ibi tó máa ka dé ni M. Ní aago Èkó, yóò kún ní agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 14 àti àáyá 7 ní ìdájí 19 January 2038.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òǹkà, 5:36 ìrọ̀lẹ́

Mo ti kọ ọ́ tuntun pẹ̀lú BigInt, mo sì gbé e gba gbogbo agbára tó jẹ́ nọ́mbà àkọ́kọ́ láti 2 dé 31. Ó mú 3, 5, 7, 13, 17, 19 àti 31 jáde. Ó kọ 11, 23 àti 29, ti 11 sì parí sí 1736. Àmọ́ ó kọ 2 náà, bẹ́ẹ̀ 2 ní agbára 2 dín ọ̀kan jẹ́ 3, nọ́mbà àkọ́kọ́ sì ni 3. Kí ni mo tún ṣì?

Ìyá_Bíìtì, 5:50 ìrọ̀lẹ́

O kò ṣi nǹkan kan. 2 − 2 = 0, lúùpù kò rìn rárá, 4 tí o fi bẹ̀rẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. Agbára tí kò ṣeé pín sí méjì nìkan ni ìdánwò náà wà fún. Fi if (p === 2) return true; sókè lúùpù. 1736 tí o rí fún 11 tọ́.